Àtẹ́lẹ̀ Bàtà Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Èrúwà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ń bi mí ní Èrúwà báyìí, láti orí àwọn ọlọ́kadà dórí àwọn tí a jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí: "Bàbá Bàsírá, ṣé àwọn ọmọ yìí máa padà wọ mẹ́rin?" Mẹ́rin tí wọ́n ń wí ni ìlú mẹ́rin tó máa ń kù sínú ìdíje bọ́ọ̀lù agbègbè wa, àwọn tó máa ń bá ara wọn fà á kí ọ̀kan tó gbé ife lọ. Nígbà kan, kò sí ọdún tí Èrúwà kì í sí nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni a ṣubú, a sì pẹ́ nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtigbé ẹgbẹ́ náà dìde. Èmi kì í ṣe kọ́ọ̀ṣì, mi ò sì gbá bọ́ọ̀lù tó lórúkọ rí. Bàtà ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kò sí bàtà tí ẹgbẹ́ náà wọ̀ láti ìgbà èwe mi tí kò gba ọwọ́ mi kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi mí.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Bàsírá ọmọ mi obìnrin. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ wá jókòó. Màá dáhùn ìbéèrè náà, àmọ́ mo máa gba ọ̀nà jíjìn débẹ̀, torí ìyẹn lọ̀nà tí èmi náà gbà mọ ìdáhùn rẹ̀.

Bàbá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Yékínì ní ìsàlẹ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ wọn ò pẹ́, wọ́n gbà, ó parí. Tí ẹ bá fẹ́ bi mí ní ti owó, mo jẹun, mo fẹ́yàwó, mo rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni bí ọkùnrin yẹn ṣe kọ́ wa níṣẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ni wọ́n ní: èmi àti Sùbérù, ọmọ Igbó-Ọrà tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Èrúwà. Ọ̀gá kì í kàn gba bàtà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó bá gbé bàtà wá, ìbáà jẹ́ tíṣà, ìbáà jẹ́ ìmáàmù, á kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, á rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí igi odán tó wà ní iwájú, á sì rìn padà. "Ẹ rìn kí n rí yín," bí ọ̀gá ṣe máa ń wí nìyẹn, wọn ò sì ní sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dojú bàtà délẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹgbẹ́ ibí ló ń tẹ̀ jù. Orúnkún ń dùn ún, kò kàn sọ fẹ́nì kan ni." Wọn kì í sábà ṣì í. Nígbà tí mo ṣì kéré, mo rò pé wọ́n ń bá bàtà sọ̀rọ̀ ni.

Bí ọ̀kan nínú wa bá ki òlu bọ bàtà láìtíì wo àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ọ̀gá á gba òlu náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òlu ni irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń lu awọ kí abẹ́rẹ́ lè rí ọ̀nà kọjá. Ẹni tí kò bá ní òlu lọ́wọ́, ilẹ̀ ló máa gbá dalẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré sí ìyà Lánlátẹ̀. Mo kan ìṣó mọ́ bàtà àgbẹ̀ kan lọ́jọ́ kan, ẹnu ìṣó náà sì yọ díẹ̀ sínú. Ọ̀gá ki ìka bọ̀ ọ́.

"Wọ̀ ọ́," ni wọ́n wí.

Mo wọ̀ ọ́.

"Ó dáa. Lọ bá mi ra edé wá ní Lánlátẹ̀."

"Ọ̀gá, edé wà lọ́jà wa níbí."

"Ti Lánlátẹ̀ ló wù mí jẹ."

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ, mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ìṣó yẹn sì ń kí mi ní gìgísẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Sùbérù rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Kò pẹ́ tí òun náà fi lọ ra edé tiẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí bàtà tó kúrò lọ́wọ́ èmi tàbí lọ́wọ́ Sùbérù tí a kì í kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀.

Ọ̀gá Yékínì ló ń ṣe bàtà fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú. Awọ dúdú tó nípọn ni, àwọn eyín abẹ́ rẹ̀ tó máa ń di ilẹ̀ mú, láti ara awọ náà la ti ń gé wọn, tí a ó tò wọ́n léra, tí a ó kàn wọ́n mọ́ ọn. Ìlú ló ni bàtà nígbà náà, kì í ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ á wá gbé tiẹ̀ kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn á sì mú un. Bí ìdíje bá bọ́ sí Sátidé, gbogbo wọn á kó bàtà wá lọ́jọ́bọ̀ ká lè bá wọn wò ó.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀gá á máa dojú wọn délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń sáré gan-an, iwájú bàtà rẹ̀ ló máa ń jẹ. Ẹni tó bá ń dúró wo àwọn tó kù, ẹ̀yìn ló máa ń jẹ. Ẹni tí kò lọ sí pápá ìdánrawò rárá, eyín bàtà rẹ̀ á mọ́ bíi ti ọmọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n bá wo gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á sọ fún èmi àti Sùbérù bí Sátidé ṣe máa rí, Sátidé á sì rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu. Èèyàn tí kò lọ sí pápá rí, tó jẹ́ pé orí àpótí kékeré kan ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́!

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún wa, ọ̀gá fún wa ní òlu kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣàdúà fún wa, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ní bí ẹni tí kò ní bàtà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ká má bi í léèrè ìlú rẹ̀. Sùbérù padà sí Igbó-Ọrà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, bàtà ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Èmi dúró sọ́dọ̀ ọ̀gá títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Báyìí ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe di alátakò láìjà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti iná. Àsìkò ọyẹ́ ni, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń sun igbó ní ilẹ̀ Ìbàràpá lásìkò yẹn. Èrúwà ti wọ mẹ́rin, Igbó-Ọrà náà wọ̀ ọ́, àwa méjèèjì la sì máa pàdé ní Sátidé. Bàtà gbogbo ẹgbẹ́ ti wà lára ògiri láti ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ kírun. Kí ìmáàmù tó ṣe sàlámà ni a ti ń gbọ́ òórùn awọ. Mo mọ òórùn yẹn ju ẹnikẹ́ni nínú mọ́sáláṣí lọ, mi ò sì lè dìde kí ìrun tó parí. Nígbà tí a sáré débẹ̀, afẹ́fẹ́ ti gbé iná fò láti inú igbó ẹ̀yìn ọjà, ṣọ́ọ̀bù pákó ti di eérú.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù wá dúró, wọ́n ń wò ó. Òfin ìdíje ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ pápá láìwọ bàtà. Ràṣídì, ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa jù lọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi igi tú eérú bóyá á rí ọ̀kan tó kù. Kò rí nǹkan kan. Mo jókòó sídìí igi odán, mo sì sunkún lójú gbogbo ọjà, mi ò sì tijú.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbọ́ ìró alùpùpù. Sùbérù ni, àpò ìrẹsì ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ná ọjà Lánlátẹ̀ ló gbé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó tú àpò náà sílẹ̀, bàtà bọ́ọ̀lù Igbó-Ọrà ló kún inú rẹ̀, àwọn ti ẹni tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá àti àwọn ògbólógbòó tó wà lára ògiri tiẹ̀.

Mo ní, "Sùbérù, kí làwọn ará ilé yín wí?"

Ó ní, "Wọ́n ń bínú. Pe àwọn ọmọ yẹn wá, kí a wọn ẹsẹ̀ wọn."

A ṣiṣẹ́ láìjẹun títí oòrùn fi yẹ̀. Èyí tó kan Ràṣídì tóbi jù, a ki òwú sí i níwájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ràṣídì fi bàtà olówùú yẹn gbá góòlù kan ṣoṣo tó wọlé, Èrúwà sì fi bàtà Igbó-Ọrà na Igbó-Ọrà. Mo bojú wo Sùbérù láàárín èrò. Orí ló ń mì, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rí nǹkan láyé yìí, mi ò tíì rí èyí tó jọ ọ́. Ní Igbó-Ọrà, wọ́n bú u, àwọn kan gbé bàtà wọn lọ fún ẹlòmíì ṣe fún ìgbà pípẹ́. Mo tún bàtà náà rán, mo kùn ún, mo dá a padà. Láti ọjọ́ náà, Sùbérù ò fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà sí mi rí.

Mo tún ṣọ́ọ̀bù kọ́. Ayé ń yí lọ. Bàtà oníke tí wọ́n dà lódidi dé, a ò gé eyín láti ara awọ mọ́. Gọ́ọ̀mù inú agolo náà dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, mo lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà kan, mo fà á, kò já, mo pe ìyàwó mi wá kó fà á, kò já. A jókòó, a ń wò ó. Ohun tí ọ̀gá mi ń fi odidi ọ̀sán rán! Ẹ̀rọ tó ń fi iná jẹnẹrétọ̀ ha àtẹ́lẹ̀ bàtà náà dé, Bàsírá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mi ò bá nǹkan tuntun jà rí. Ohun tó dùn mí ni ògiri. Oníkálukú ti ń ra bàtà tòkunbọ̀ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé bàtà kọ́ mọ́, ìṣó ara ògiri sì dípẹtà.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ náà ń kú. Mo ti mọ̀ kí ìlú tó mọ̀. Wọ́n á gbé bàtà wá kí n bá wọn pààrọ̀ okùn rẹ̀, màá dojú rẹ̀ délẹ̀, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á mọ́ bí ìgbà tí wọ́n rà á. Àwọn kan lọ sí Èkó, àwọn kan gun ọ̀kadà, àwọn tó kù kàn ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ kiri ìlú. A bọ́ kúrò nínú mẹ́rin, a tún bọ́ kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń dárúkọ.

Ràṣídì ló gbà láti tún un kọ́. Ewú ti wà lórí rẹ̀ báyìí, òun ni kọ́ọ̀ṣì. Ó ṣa àwọn ọmọ jọ láti ilé ìwé girama, ó mú díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ́lì, ọlọ́kadà kan ló fi ṣe aṣọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa kó bàtà wá lọ́jọ́bọ̀, kí ẹni tó bá sì ní méjì gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri fún ẹni tí kò ní. Ọdún àkọ́kọ́, gbogbo ìlú tí a bá pàdé ló nà wá. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ kan, Bàsírá rán ẹnì kan wá pè mí nílé.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan."

Ó ti to bàtà wọn sílẹ̀, ó ti dojú wọn délẹ̀. Iwájú gbogbo wọn ti jẹ. Mo fi àtàǹpàkò ra ọ̀kan, mo ra èkejì, mo ra gbogbo wọn, ti aṣọ́lé pàápàá ti ya. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ayé ọ̀gá mi. Mo ní, "Bàsírá, àwọn wo ni ìwọ̀nyí?" Ó ní, "Àwọn tí wọ́n ń nà náà ni."

Ní ọdún kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na èèyàn padà. Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, ní pápá wa, àwa àti Igbó-Ọrà. Bí a bá borí, a ti wọ mẹ́rin. Bí a bá ta ọ̀mì, tàbí wọ́n nà wá, àwọn ló wọ̀ ọ́. Èrúwà kò sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àwọn ará Igbó-Ọrà dé, ojú wọn ti fà ro. Orí ọkọ̀ ni wọ́n so àpò bàtà mọ́, okùn ti já lójú ọ̀nà, àpò ti jábọ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó bọ́ sí. Ọlọ́kadà kan sáré padà dé Lánlátẹ̀, ọwọ́ òfo ló bọ̀. Rẹfirí wo aago rẹ̀, ó ní òun á dúró díẹ̀ sí i, tí wọn ò bá rí bàtà, a jẹ́ pé Èrúwà ló borí. Ariwo ayọ̀ sọ láàárín àwọn èèyàn wa. Jàmíù, ọmọ tó jẹ́ olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, di mọ́ Ràṣídì. "Kọ́ọ̀ṣì, a ti wọ̀ ọ́. A ti wọ̀ ọ́ nìyẹn."

Ṣọ́ọ̀bù wa ò jìnnà sí pápá. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀pá dé. Sùbérù ni. Ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ wọn wá wòran. Ó ní, "Bàbá Bàsírá, ara ńkọ́?" Mo ní ara le. Ó bojú wo ògiri, bàtà ló kún ara rẹ̀. Ó gbójú kúrò, ó bèèrè àwọn ọmọ-ọmọ mi. Kò sọ nǹkan mìíràn, ẹ gbà mí gbọ́. Mo fẹ́ ká wọ mẹ́rin yẹn kí n tó kú. Mo fẹ́ ẹ gan-an.

Ràṣídì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rí Sùbérù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀. Jàmíù bi í pé ta ni bàbá náà.

Ràṣídì ní, "Góòlù tí ẹ máa ń gbọ́ pé mo gbá nígbà yẹn, bàtà tí bàbá yìí gbé wá fún mi ni mo fi gbá a. Ti Igbó-Ọrà ni. Mi ò ní pàṣẹ fún yín. Ẹ̀yin lẹ sáré débi tí ẹ dé yìí, kì í ṣe èmi."

Mo rí i tí Jàmíù ń wo pápá, tó ń wo ògiri. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Àǹtí Bàsírá, ẹ bá wa já àwọn bàtà yìí sílẹ̀."

Àwọn ọmọ wa fọwọ́ ara wọn gbé bàtà fún àwọn ọmọ tó wá gba ipò mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàsírá ò jẹ́ kí wọ́n kàn wọ̀ ọ́ lọ. "Ẹ rìn kí n rí yín." Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rìn dé ìdí igi odán, ó rìn padà. Mo gbọ́ tí Sùbérù mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọ̀mì ni wọ́n ta, góòlù kan sí ọ̀kan. Ọmọ Igbó-Ọrà tó gbá tiwọn wọlé, mo mọ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó máa gbọ̀n. Àwọn ló wọ mẹ́rin. Àwọn ọmọ wa sùn sílẹ̀ káàkiri pápá, wọ́n ń sunkún. Àwọn kan nínú ìlú sọ pé òmùgọ̀ ni wá, obìnrin kan tó ń ta àkàrà kọ̀ láti dá Bàsírá lóhùn. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo lọ sílé, mi ò lè jẹun.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti Bàsírá jọ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, a bá bàtà àwọn ọmọ wa lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀, wọ́n tò ó sílẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa tútù ló wà lára wọn. Iwájú wọn tí Bàsírá ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ lálẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ti tún là. Mo ránṣẹ́ pe Ràṣídì, mo bi í pé èwo ni ti ìdánrawò inú òjò, nígbà tí ìdíje ti parí fún wa.

Ó dúró, ó ń wo bàtà náà. Ó ní, "Bàbá, mi ò pè wọ́n. Ilé ni mo sùn sí."

Mo jókòó sórí àpótí kékeré bíi ti ọ̀gá mi. Mo fi àtàǹpàkò tó ń gbọ̀n yìí ra àtẹ́lẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi ra gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún Bàsírá pé kó ra awọ sílẹ̀ dáadáa, kó ra gọ́ọ̀mù, torí ní ọdún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ yìí á máa gbé bàtà wá títí dé ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn á gbé ife.